Ìyá Onígọ́ọ̀mù àti Obìnrin Ojú Fèrèsé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òṣèré tó mọṣẹ́, ẹ má bi àwọn tó ń lọ wo sinimá. Gúgúrú wà lẹ́nu wọn, omijé wà lójú wọn, ta ló fẹ́ rí nǹkan kan nínú gbogbo ìyẹn? Ìyá Onígọ́ọ̀mù ni kí ẹ bi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi jókòó nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé sinimá, tó ń fi ọwọ́ wo fíìmù. Ọwọ́ ni mo wí, mi ò pe ojú. Yóò wọ ìbọ̀wọ́ funfun, yóò gbé róòlù tó kún sí apá òsì tábìlì, yóò gbé òfìfo sí apá ọ̀tún, yóò sì máa yí i. Fíìmù á máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ibi tó bá sì ti ya, ìka á ti mọ̀ kí ojú tó débẹ̀. Á dúró, á tan iná abẹ́ gíláàsì, á gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, á ha etí méjèèjì, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ka ení dé ogún. Gọ́ọ̀mù yìí ló sọ ọ́ lórúkọ, òórùn rẹ̀ ò sì jáde lára aṣọ rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

Fíìmù, fún ẹni tí kò bá mọ̀, àwòrán kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni. Mẹ́rìnlélógún ló ń sáré kọjá kéèyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tí fíìmù bá já, àwòrán kan tàbí méjì gbọ́dọ̀ bá a lọ, ibẹ̀ sì ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù ti rí òṣùwọ̀n tirẹ̀. Òṣèré ọkùnrin kan wà tó nírun imú ṣooro, òun ni olórí nínú fíìmù mẹ́jọ, ariwo ló sì fi ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. "Mo ti yọ ogún àwòrán lára ọ̀gbẹ́ni yìí rí," ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù máa ń wí, "ìyá tó bí i gan-an ò lè mọ̀." Ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn wà tó ṣe awakọ̀ ojú irin tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Kò sí ibi tó ti ń ra ọwọ́ kiri, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀. Ọrùn ló fi ṣe gbogbo rẹ̀: bí wọ́n bá pè é, etí ló kọ́kọ́ ń yí sí wọn, ojú á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àwòrán méjì péré ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù yọ lára ẹni yìí lọ́dún kan, oúnjẹ ò sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójú tirẹ̀, àgbà òṣèré ni ẹni tí o ò lè rí àwòrán kan yọ lára rẹ̀ kí nǹkan má dín.

Ẹni tó ga ju gbogbo wọn lọ ni obìnrin kan tí gbogbo ará ilé sinimá ń pè ní Obìnrin Ojú Fèrèsé. Fíìmù dúdú àti funfun ni fíìmù rẹ̀, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí Ìyá Onígọ́ọ̀mù. Ọkọ obìnrin náà jáde nílé, kò padà wálé, ìyàwó sì ń retí rẹ̀. Ìtàn náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíì á ti sunkún tán kí fíìmù tó dé ìdajì, á ti wó lulẹ̀, á ti di àwòrán ọkọ mú. Obìnrin yìí ń rọ aṣọ, ó ń bu omi sínú ife méjì, ó ń da ọ̀kan nínú rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kí fíìmù parí, yóò dúró lójú fèrèsé, yóò di kọ́tìnì mú, ẹnìkan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, ihò imú rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó dáwọ́ mímí dúró. Tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ọdún márùn-ún ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ti di ìyàwó tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè fi ìka tọ́ka sí ibì kan lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ ní ibí ló ti yí padà. Ìṣísẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà, á dúró. Obìnrin náà á retí, á retí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á kúrò lójú fèrèsé, fèrèsé á ṣófo, fíìmù á parí.

Ibi tí ojú yẹn ti wálẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìyá Onígọ́ọ̀mù ti gé e kúrò.

Ó ti tó ọdún méjìlélógún báyìí. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, aláwàdà ènìyàn, irin gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ òsì ti bọ́ tipẹ́ kò sì tún un ṣe, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti òpópónà: ko, fì, ko, fì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí aago ń lọ sí mẹ́rin, ó ní òun fẹ́ ra ìṣó. "Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì fi ife omi rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láì mu ún tán. Ẹni tó ń ta ìṣó ní òun tà á fún un, ó sanwó, ó yà sí apá òsì. Ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá Onígọ́ọ̀mù wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó wá a dé ilé ìwòsàn àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ó wá a dé ọ̀dọ̀ ẹbí tó jìnnà jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà.

Ní oṣù kẹrin tó ti lọ, fíìmù Obìnrin Ojú Fèrèsé ti ìlú mìíràn dé, wọ́n gbé e wá sórí tábìlì pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yí i títí tó fi kan ìparí. Ó tan iná, ó sì rí ojú obìnrin náà tó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwòrán lẹ́yìn àwòrán. Inú bí i. "Ta ló ní kó o sọ̀rètí nù?" ló bi í sókè, òun nìkan nínú yàrá. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e níbi tí ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó tún gé e níbi tí fèrèsé ti ṣófo. Igba àwòrán ó dín mẹ́jọ, ohun téèyàn ò ní ka ju ení dé ẹ̀jọ lọ kó tó kọjá. Ó ká a, ó fi òwú dè é, ó jù ú sínú agolo mílíìkì, ó lẹ etí tó kù pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ka ení dé ogún.

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ṣe ń parí: ìṣísẹ̀ á gòkè bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin á ranjú, àfi lójijì tí kò ní sí lójú fèrèsé mọ́. Àwọn tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan dìde láàárín gbọ̀ngàn, ó ń wo ẹ̀yìn àga rẹ̀. Obìnrin kan bi ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹni tó gòkè wá yẹn gbà jáde?" Ilé sinimá méjì dá fíìmù náà padà, wọn ò sọ ìdí. Bàbá Iná, àgbàlagbà tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ funfun, kò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ nígbà tí ìparí bá dé ni, kì í yọjú sí ihò tí wọ́n ń gbà wo gbọ̀ngàn mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ilé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn onípákó ló sì gòkè débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó gé fíìmù, bí aago mẹ́rin ṣe ń lù, ó gbọ́ ẹni tó ń gòkè bọ̀. Ko. Ko. Ko. Mẹ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré débi pé àga bì ṣubú, ó ṣílẹ̀kùn gbàgà. Oòrùn ló rí lórí pákó, àti eruku tó ń fò nínú oòrùn. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tilẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó tún gbọ́ ọ, àti lọ́jọ́ kẹrin. Kò yọ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀, kò yọ ọjọ́ òjò sílẹ̀.

Ẹ̀rù ò bà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ báyìí lẹ̀rù ń bà. Lójú tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti wálé, ohun kan ni kì í jẹ́ kó lè wọlé. Bó bá wá di ọjọ́ tó ráyè wọlé tí kò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́? Nítorí náà, aago mẹ́ta ló máa ń ṣíwọ́, gbogbo ọ̀gá tó jẹ níbẹ̀ ló sì mọ̀ pé wọn ò lè dá a dúró. Kò rìnrìn àjò. Kò kó kúrò nílé náà nígbà tí òrùlé ń jò. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ní ìlú tó fi wákàtí mẹ́rin jìnnà, ó dé ní òwúrọ̀, ó dìde láago mọ́kànlá. Wọn ò tíì gé kéèkì.

Ó tó ọdún mẹ́fà tí tẹ́lọ̀ kan ti gba abẹ́ àtẹ̀gùn náà, tó gbé máṣíìnì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò lè rí ènìyàn kó má ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá Onígọ́ọ̀mù ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó gbójú sókè nídìí abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ ò kí mi kú iṣẹ́ àlejò yín."

"Àlejò wo?"

"Alàgbà tó máa ń wá láago mẹ́rin. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ tó bá ń gòkè. Mi ò rójú ẹ̀ rí, mo máa ń dorí kodò nídìí iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ò yé mi ni pé mi ò gbọ́ kó sọ̀ kalẹ̀ rí. Ṣé ẹ ń kó wọn jọ sínú yàrá ni?"

Ìyá Onígọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó rìn dé orígun kejì kó tó mọ̀ pé ara òun ti bù máṣọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fíìmù àtijọ́, ó wo inú àwọn agolo, ó sì ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa gbé ẹ̀rọ òun wá láti da Obìnrin Ojú Fèrèsé kọ.

"Ẹyọ kan tó kù láyé nìyí, Mà," ló wí. "Ohun tá a bá dà kọ ní Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ayé á máa wò. Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá tútù ni èyí ń lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù fèsì.

"Ṣé ẹ mọ nǹkan tó yà mí lẹ́nu? Àwọn àgbà tó wò ó láyé ọjọ́un kọ̀wé pé ìparí rẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti ṣeré jù lọ lórí fíìmù. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Ó ranjú, ó pòórá. Bóyá wọ́n kàn ń pọ́n ọn lásán ni."

Ìtìjú bo Ìyá Onígọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń pè ní òfìfo yìí, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù. Oyún àkọ́kọ́ ti tó bí.

"Màámi, dókítà ní ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì dúró. Kì í ṣe ti àárọ̀ wá ọ̀sán lọ."

"Tí mo bá ti rí àyè..."

"Àyè wo, Màámi? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di ọwọ́ mi mú. Bàbá mi ò ní padà wá mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí mo ti mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì mọ̀."

Ìyá Onígọ́ọ̀mù wo aago ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lu mẹ́rin. Ó ní òun á padà pè é, kò sì pè é.

Ní Ọjọ́rú, ó sọ agolo mílíìkì náà kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Bó ṣe ṣí i, òórùn kíkan gbá a nímú, òórùn tí fíìmù máa ń ní tó bá ti ń darúgbó. Ó tú òwú, ó na fíìmù náà sórí gíláàsì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó tan iná, ó fi awò kékeré bojú. Ó ti múra sílẹ̀ láti rí obìnrin tó sọ̀rètí nù. Ohun tó ti rò pé òun rí fún ọdún méjìlélógún nìyẹn.

Kò rí i. Ojú obìnrin náà ń wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ náà ń wálẹ̀, bí ìgbà téèyàn sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Ìtẹ̀ tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, tí gbogbo ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ń tú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọgọ́rin àwòrán, ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti bọ́. Ìyá Onígọ́ọ̀mù ti ń pe nǹkan yìí ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìsinmi ló rí báyìí. Ó bú sẹ́kún níbi tó jókòó, ó tún sáré yí ojú kúrò kí omijé má bàa kán sórí fíìmù.

Ibi tó ti fẹ́ nu ojú ló ti rí ohun kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ní etí fíìmù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ohùn máa ń gbà. Bí ariwo ò bá sí, ìlà náà á gún. Bí ariwo bá wà, á ṣe ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ìlà yìí ń ṣe ṣákaṣàka. Ibì kan, ìgbà díẹ̀, ibì kan sí i. Ó ka wọ́n pẹ̀lú ìka: mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ìṣísẹ̀ ni. Ìṣísẹ̀ tó ń padà lọ.

Ó káwọ́ lérí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lánàá mọ̀ pé èèyàn kì í gé àwòrán kó má gé ohùn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó mú sísọ́ọ̀sì yẹn, ojú obìnrin náà nìkan ló ń bá jà, kò rántí pé ohùn ń bẹ létí rẹ̀. Ẹni tó gòkè wá nínú fíìmù náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún méjìlélógún. Ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì.

Ó tú ibi tó lẹ̀ níjọ́sí, ó ha á, ó tún fíìmù náà tò padà. Àwòrán kan gbọ́dọ̀ lọ níbi ìso kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí, ó mú un lára fèrèsé tó ṣófo, ìyẹn ò dùn ún. Ní orí, ó pẹ́ kó tó gé e. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má bínú," ó sì gé ẹyọ kan.

Ní aago méjì, ó gbé róòlù tó kẹ́yìn lọ bá Bàbá Iná lókè. Kò ṣàlàyé. Bàbá náà wo ojú rẹ̀, ó wo róòlù, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ìyá Onígọ́ọ̀mù sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó lórí àga kan láàárín gbọ̀ngàn tó ṣófo. Àkọ́kọ́ rèé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá tó máa fi ojú wò ó lára aṣọ funfun, kó sì fi etí gbọ́ ọ.

Ko. Ko. Ko. Ó ń kà á láì mọ̀ pé òun ń kà á. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, tí ìṣísẹ̀ dúró, orí rẹ̀ wú. Mẹ́sàn-án ni tilé náà. Àtẹ̀gùn tilé sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Ọdún méjìlélógún ló fi ń ka mẹ́sàn-án lórí àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan. Bàtà wo wá ni èyí? Ẹsẹ̀ méjèèjì dún bákan náà, gírígírí, gìgísẹ̀ aláwọ tó pé. Ọkọ rẹ̀ kì í rìn báyìí. Ko, fì, ko, fì ni ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń gòkè wá láago mẹ́rin. Kò jẹ́ òun rí, kódà lọ́jọ́ kan.

Lára aṣọ funfun, ojú obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Èjìká wálẹ̀. Ìtẹ̀ ojú tú. Ó sinmi tán pátápátá kí ìṣísẹ̀ tó yí padà. Òun ló jẹ́ kó lọ. Mẹ́sàn-án, tó ń dínkù, tó ń dínkù, títí tí gbọ̀ngàn fi dákẹ́. Ọwọ́ obìnrin náà kúrò lára kọ́tìnì, ó fi ojú fèrèsé sílẹ̀, Ìyá Onígọ́ọ̀mù sì ń wo ibi tó ti dúró.

Bàbá Iná ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ibẹ̀ yẹn kẹ́yìn," ló wí. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bó ṣe rí."

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Ta ló tún ń fọwọ́ kan fíìmù níbí, tí kì í ṣe ìwọ? Mo mọ̀ lọ́jọ́ tó o gé e."

"Ẹ ò sì bi mí."

"Ọmọ kékeré lo ní nílé, ọkọ rẹ ò sì sí. Mo ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ títí wàá fi dá a padà fúnra rẹ." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́ta ti lù kọjá. Máa lọ sílé."

Ó délé nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago lu mẹ́rin. Tẹ́lọ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó kí i, kò gbọ́. Ó gòkè, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ẹ̀rù aago mẹ́rin bà á. Ó rò pé kó sá jáde. Ó rò ó pé, ibo ni yóò gbà? Àtẹ̀gùn kan náà ni.

Aago lù. Máṣíìnì tẹ́lọ̀ ń dún nísàlẹ̀, kírrr, kírrr, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ sì tẹ pákó. Ìkejì. Ìkẹta. Ìyá Onígọ́ọ̀mù ti wà lójú fèrèsé kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ìkẹfà. Ìkeje. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ó di kọ́tìnì mú. Ìkẹsàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kò sí ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà mì, kò sí èémí, kò sí òjìji lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lóde kàn ń retí ni, bó ti ṣe ń retí lójoojúmọ́ fún ọdún méjìlélógún. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé kó lọ ṣílẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ pé òun lóòótọ́ ńkọ́? Bó bá ti tún bàtà rẹ̀ ṣe ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á kúrò níbẹ̀. Ó rántí ife omi tí kò mu tán. Ó rántí kéèkì tí wọn ò tíì gé.

Kò ṣeré o. Ọ̀gá tó kọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló mọ̀ ọ́n ṣe, òun kàn ṣe bó ti rí i. Ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó dùn ún wọra, lẹ́yìn náà kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára kọ́tìnì.

Lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan náà yí padà. Pákó ké díẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ìkejì tẹ̀lé e, wọn ò yára, wọ́n ń jìnnà, wọ́n ń dínkù, títí di ìkẹsàn-án.

Máṣíìnì tẹ́lọ̀ ti dákẹ́.

"Màmá!" Tẹ́lọ̀ ló ń pariwo láti ìsàlẹ̀. "Màmá, àlejò yín ti sọ̀ kalẹ̀ o! Ó gba iwájú mi kọjá. Mo gbójú sókè, mi... mi ò rí ẹnì kankan."

"Mo gbọ́," ló dá a lóhùn.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní òun ti ń jáde nílé. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó pa fèrèsé dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ó ka àtẹ̀gùn náà bó ṣe ń lọ: mẹ́rìnlá ni. Tẹ́lọ̀ ti gbé àga rẹ̀ bọ́ sójú títì nínú oòrùn. Ìyá Onígọ́ọ̀mù na kọ́kọ́rọ́ yàrá sí i.

"Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, sọ fún un pé mo ti lọ bá ọmọ mi."

"Bí kò bá wá sẹ́ni tó béèrè ńkọ́, Màmá?"

"Kó o máa kó aṣọ àwọn oníbàárà rẹ síbẹ̀," ni Ìyá Onígọ́ọ̀mù wí. "Yàrá náà ti ṣófo."